Oògùn oníhóró kan lójúmọ́: ṣé ó tó wo jẹjẹrẹ ọmú?

Obìnrin ẹni ọdún 47 kan ló kọ̀wé sí mi. Mo gé ìwé rẹ̀ kúrú díẹ̀:

“Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n yọ kókó kan ní ọmú òsì mi. Ìwé àyẹ̀wò sọ pé kókó náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1.8, Grade 2, ER 90%, PR 60%, HER2 negative, Ki-67 12%. Wọ́n yọ jẹjẹrẹ náà tán pátápátá, wọ́n sì yẹ kókó abíyá méjì wò, kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo ṣì ń rí nǹkan oṣù mi. Dókítà tó ń tọ́jú mi sọ pé ìtọ́jú onítànṣán (radiotherapy) ló kàn, lẹ́yìn náà kí n máa lo tamoxifen fún ọdún 5, ó kéré tán. Ó tún sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò jíìnì kan tí wọ́n fẹ́ fi kókó tí wọ́n yọ ṣe, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá mo nílò kímò, oògùn jẹjẹrẹ líle tí wọ́n ń fà sí iṣan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní wọ́n ń fi ẹ̀mí mi ṣeré ni. Ó ní kí n sọ fún wọn kí wọ́n gé ọmú méjèèjì, kí wọ́n sì fún mi ní kímò, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé oògùn oníhóró kan ṣoṣo lójúmọ́ lè wo jẹjẹrẹ?”

Ẹ kú ewu iṣẹ́ abẹ o. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn kí n tó ṣàlàyé. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè wò ó, pàápàá irú tiyín yìí. Oògùn oníhóró náà gan-an ni òpó ìtọ́jú yín, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń tù yín nínú torí pé wọn ò rí nǹkan mìíràn ṣe. Kímò ni a ò tíì mọ̀ bóyá ó yẹ kó ṣáájú rẹ̀, àyẹ̀wò jíìnì tí dókítà yín dárúkọ ló sì máa sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìyẹn. Ní ti gígé ọmú méjèèjì, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe é, àfi bí àyẹ̀wò kan tí màá dárúkọ níwájú bá fi nǹkan mìíràn hàn.

Ẹ mú ìwé àyẹ̀wò yín dání, ká jọ kà á. ER àti PR ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Wọ́n ń sọ fún wa pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yìí ní ẹnu tó fi ń jẹ họ́mọ́nù obìnrin: ER ni ẹnu tó fi ń jẹ estrogen, PR ni ti progesterone. ER 90% túmọ̀ sí pé nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí wọ́n wò, 90 nínú 100 ló ní ẹnu yìí. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ 1% péré ni wọ́n rí, ìlànà sọ pé kí wọ́n pè é ní ER-positive, ṣùgbọ́n láàárín 1% sí 10%, oògùn họ́mọ́nù, ìyẹn oògùn tó ń gbógun ti họ́mọ́nù, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Tiyín jìnnà pátápátá sí ibẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ọmú ló jẹ́ irú yìí, estrogen sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ìtọ́jú tó bá a mu jù ni kí a fi ebi pa á.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àná. Lọ́dún 1896, oníṣẹ́ abẹ kan ní Glasgow, George Beatson, kọ ìròyìn pé òun yọ ilé ẹyin àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú wọn ti kọjá ohun tí a lè gé kúrò, jẹjẹrẹ náà sì súnkì. Nígbà yẹn, kò tíì sí ẹni tó mọ ohun tí ń jẹ́ estrogen. Tamoxifen fúnra rẹ̀, ní ọdún 1960 sí 1969 ni wọ́n ṣe é, wọ́n ń wá oògùn tí kò ní jẹ́ kí obìnrin lóyún. Kò wúlò fún ìyẹn. Lọ́dún 1971 ni àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn Christie ní Manchester kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ lórí àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọmú. Láti ìgbà náà, àwọn obìnrin tó ti lò ó kò ṣe é kà. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń fi yín dán nǹkan tuntun wò.

Ọ̀nà méjì la fi ń fi ebi pa á. Tamoxifen, mílígíráàmù 20 lójúmọ́, máa ń dí sẹ́ẹ̀lì náà lẹ́nu: estrogen wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ò rí i jẹ. Ọ̀nà kejì ni kí oúnjẹ náà fúnra rẹ̀ tán nílẹ̀. Iṣẹ́ tí anastrozole, letrozole àti exemestane ń ṣe nìyẹn, ṣùgbọ́n ara ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí ilé ẹyin bá ṣì ń ṣiṣẹ́ bíi tiyín, wọn ò lè dá estrogen tó ń tibẹ̀ wá dúró. Wọ́n tiẹ̀ lè ta ilé ẹyin jí kó túbọ̀ tẹra mọ́ iṣẹ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé letrozole ni dókítà fún òun, pé ó dára ju tamoxifen lọ, ẹ dákẹ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹni náà ṣì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀.

Báwo ni ìrànlọ́wọ́ náà ṣe tó? Wọ́n ti kó ìwádìí púpọ̀ jọ lórí tamoxifen, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2011. Láàárín ọdún 5 tí obìnrin tó ní ER-positive fi ń lò ó, ó gé ewu kí àrùn náà padà wá sí nǹkan bí ìdajì. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé wọn dé ọdún 15, ikú tí jẹjẹrẹ ọmú ń fà dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ ṣàkíyèsí pé oògùn náà ti dúró láti ọdún karùn-ún, àǹfààní rẹ̀ ò sì dúró. Kò pọ̀ oògùn jẹjẹrẹ, èyí tí à ń fà sí iṣan pàápàá, tó lè fi irú èyí yangàn.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí kímò, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń ba ẹ̀gbọ́n yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kímò ni ìtọ́jú àgbà, pé ẹni tí wọ́n bá fún ní oògùn oníhóró, wọ́n ti gbójú fo ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Mo mọ ibi tí èrò náà ti wá: ohun tó bá le lára là ń rò pé ó le lára àrùn náà. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pín ni kímò ń wá pa. Ìdí nìyẹn tí irun fi ń re, tí ẹnu ń bó, tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ sílẹ̀, torí pé sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ náà ń yára pín. Ki-67 ló ń sọ iye sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ń pín lọ́wọ́, tiyín sì jẹ́ 12%. Kò pọ̀. Jẹjẹrẹ tí kò yára pín kì í fún kímò ní nǹkan púpọ̀ láti ṣe, ṣùgbọ́n gbogbo ìyà kímò ni ara yín máa jẹ: àárẹ̀, àkóràn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó ń kú tipiri, nígbà mìíràn ọkàn tí kò lágbára mọ́ láti tú ẹ̀jẹ̀ ká ara.

Ìwádìí tó bá ọ̀rọ̀ yín mu jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní TAILORx, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2018. Àwọn obìnrin tó wọnú rẹ̀ lé ní 10,000, irú jẹjẹrẹ tiyín ni gbogbo wọn sì ní: ó ń jẹ họ́mọ́nù, HER2 rẹ̀ jẹ́ negative (ìyẹn ni pé kò ní àpọ̀jù HER2, èròjà kan tó ń mú jẹjẹrẹ yára dàgbà), kò sì tíì dé abíyá. Wọ́n yẹ jíìnì 21 wò nínú kókó kọ̀ọ̀kan, èsì rẹ̀ sì jẹ́ nọ́ńbà láti 0 dé 100. Oncotype DX ni orúkọ àyẹ̀wò náà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni dókítà yín ń sọ. Àwọn tí nọ́ńbà wọn wà láàárín 11 sí 25 ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì láìṣe ojúsàájú: àwọn kan lo oògùn họ́mọ́nù nìkan, àwọn kan gba kímò kí wọ́n tó lò ó. Lẹ́yìn ọdún 9, nǹkan bí 94 nínú 100 ló wà láàyè ní ọ̀nà kìíní. Iye kan náà ló wà láàyè ní ọ̀nà kejì.

Ṣùgbọ́n ẹ má ì tíì gbé ìyẹn lé ẹ̀gbọ́n yín lọ́wọ́, torí ẹni ọdún 47 ni yín. Nígbà tí wọ́n ya àwọn tí kò ju ọdún 50 lọ sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ yí díẹ̀. Bí nọ́ńbà bá wà ní 15 sí ìsàlẹ̀, kímò ò ṣe nǹkan kan fún wọn. Láti 16 dé 20, ó gba nǹkan bí 2 sílẹ̀ nínú 100 lọ́wọ́ àrùn tó ń tàn dé ibi tó jìn. Láti 21 dé 25, ó gba nǹkan bí 6 tàbí 7. Bó bá jẹ́ 26 sókè, a máa ń gba obìnrin níyànjú pé kó gba kímò, mi ò sì ní jiyàn sí i.

Kí ló dé tí ọjọ́ orí fi yí i padà? Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń tọ́jú àrùn yìí gbà pé apá kan àǹfààní náà wá láti inú pé kímò máa ń pa ilé ẹyin obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù lẹ́nu mọ́. Ìyẹn ni pé kímò náà ń fi ebi pa jẹjẹrẹ, ó kàn gba ọ̀nà tó nira jù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ bíi goserelin lóṣooṣù, tó ń mú ilé ẹyin sinmi, lè ṣe apá iṣẹ́ yẹn láìjẹ́ pé irun kan re. Ìwádìí méjì, SOFT àti TEXT, fi hàn pé tí a bá pa ilé ẹyin lẹ́nu mọ́ tí a sì fi tamoxifen tàbí exemestane kún un, àrùn kì í padà tó ti tamoxifen nìkan, pàápàá lára àwọn tí ewu wọn ga. Fún àwọn tí ewu wọn kéré, tamoxifen nìkan ṣe dáadáa gan-an, àfikún náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ hàn. Abẹ́rẹ́ náà ní ìyà tirẹ̀: ó ń sọ yín di ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ dúró lójijì, egungun sì ń fẹ́lẹ́ sí i.

Ohun tí èmi máa ṣe bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ mi lẹ jókòó sí nìyí. Bí nọ́ńbà yín bá wà ní 15 sí ìsàlẹ̀, tamoxifen, kò sí kímò, ọkàn mi á sì balẹ̀. Bó bá wà láàárín 16 sí 20, màá dábàá tamoxifen, màá fi abẹ́rẹ́ ilé ẹyin lọ̀ yín, mi ò sì ní ti kímò lé yín lórí. Láti 21 dé 25, màá gbé kímò kalẹ̀ níwájú yín, màá sọ 6 tàbí 7 nínú 100 yẹn fún yín láìfi kún un, láìyọ kúrò, ẹ̀yin lẹ máa yàn. Àwọn obìnrin méjì tí nọ́ńbà wọn jẹ́ ọ̀kan náà lè yàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níbi báyìí, kí méjèèjì sì gbọ́n. Bí àyẹ̀wò náà kò bá ṣeé ṣe, ẹ sọ fún dókítà yín kó fi nǹkan tó wà nínú ìwé yín ṣírò rẹ̀ lórí PREDICT, ẹ̀rọ ìṣirò ọ̀fẹ́ kan tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò péye tó àyẹ̀wò jíìnì, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ẹ̀rù máa pàṣẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ kánjúkánjú: tí wọ́n bá máa fún yín ní kímò, ó sábà máa ń ṣáájú ìtànṣán. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn báyìí bóyá wọ́n ti fi kókó náà ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, kí ìtànṣán má baà bẹ̀rẹ̀ kí èsì tó dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kò tíì pẹ́ rárá. Àyè wà láti dúró de ìwé kan.

Ní ti gígé ọmú, mi ò ní fi falẹ̀. Bernard Fisher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ̀ lé àwọn obìnrin fún ọdún 20, wọ́n fi àwọn tí wọ́n gé gbogbo ọmú wọn wé àwọn tí wọ́n yọ kókó nìkan. Èsì jáde ní 2002: ẹ̀mí àwọn méjèèjì gùn bákan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé lára àwọn tí wọ́n yọ kókó nìkan, àrùn padà sínú ọmú náà ní 14 nínú 100 bí wọ́n bá gba ìtànṣán, ó sì jẹ́ 39 bí wọn ò bá gbà á. Ìyẹn ni mo ṣe ń bẹ̀ yín kí ẹ má fi ìtànṣán yín ṣeré. Ọmú kejì tí kò ní àrùn ńkọ́? Gígé e kì í dí ọ̀nà mọ́ sẹ́ẹ̀lì tó bá ti jáde láti ọmú òsì lọ sí egungun tàbí ẹ̀dọ̀. Àyẹ̀wò tí mo ní màá dárúkọ ni ti jíìnì ìdílé, BRCA1 àti BRCA2, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ ṣe, kì í ṣe kókó. Ẹni tí jẹjẹrẹ ọmú mú kó tó kọjá ọdún 50 lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bí àbùkù bá wà nínú ọ̀kan nínú wọn, ọ̀rọ̀ ọmú kejì àti ti ilé ẹyin yí padà pátápátá, ó sì kan ẹ̀gbọ́n yín náà, torí ọ̀nà kan náà lẹ jọ gbà wáyé.

Mo wá dé ibi tó ká mi lára jù, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán lẹ́ẹ̀kan. Irú jẹjẹrẹ yìí kì í tán lẹ́ẹ̀kan. Ó ní sùúrù. Èyí tí kò jẹ họ́mọ́nù, bó bá máa padà, láàárín ọdún mélòó kan àkọ́kọ́ ló sábà máa ń padà. Tiyín lè sùn fún ọdún 10, ọdún 15, kó tó jí. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 tẹ̀ lé àwọn obìnrin tó lé ní 60,000 tí wọ́n fi ọdún 5 lo oògùn họ́mọ́nù tí wọ́n sì dúró. Kódà lára àwọn tí kókó wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, tí kò sí nǹkan ní abíyá wọn, bíi tiyín gẹ́lẹ́, àrùn náà jáde ní ibòmíràn nínú ara lára 13 nínú 100 láàárín ọdún 5 sí ọdún 20. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba ìtọ́jú ayé àtijọ́, nọ́ńbà òde òní lè kéré sí i, ṣùgbọ́n ìwà àrùn náà kò yí padà.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá ronú nípa obìnrin bíi tiyín, kì í ṣe àìgba kímò ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ọdún kejì, nígbà tí ara ti yá, tí kò sí ẹni tó ń béèrè mọ́, tí ara gbígbóná òru sì ti sú u. Yóò fi oògùn sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń dùn mí, torí pé ohun tó lé e kúrò nídìí oògùn sábà jẹ́ ohun tí à bá ti ràn án lọ́wọ́ lé lórí.

Ara gbígbóná lójijì, òógùn òru, ojú ara tó yí padà, ìbínú tí kò nídìí, gbogbo ìwọ̀nyí lè wá. Ẹ sọ ọ́. Oògùn bíi venlafaxine àti gabapentin ń dín ooru náà kù. Ẹ má gba paroxetine tàbí fluoxetine fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn láìsọ pé ẹ ń lo tamoxifen, torí wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ sọ tamoxifen di ohun tó lágbára bó ṣe yẹ. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń dùn yín, tàbí tí èémí bá dédé há, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, torí tamoxifen lè mú ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dúró, bí ẹ bá tún rí ẹ̀jẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ilé ọmọ wò. Ẹ sì ṣọ́ra fún oyún. Nǹkan oṣù tó ń ṣe ségesège lórí tamoxifen kò sọ pé oyún ò lè dúró, oògùn náà sì lè ṣe ọmọ inú léṣe. Kọ́ńdọ̀mù tàbí ohun ìfètò-sọ́mọ-bíbí onídẹ tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ (copper IUD) ni kí ẹ lò, kì í ṣe oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní họ́mọ́nù nínú.

Nígbà tí ọdún 5 bá pé, ìbéèrè mìíràn yóò wà nílẹ̀: kí ẹ dúró, tàbí kí ẹ máa bá a lọ? Ìwádìí ATLAS fi ọdún 10 wé ọdún 5. Láàárín ọdún 5 sí ọdún 14, jẹjẹrẹ ọmú pa 12.2 nínú 100 lára àwọn tó bá a lọ, àti 15 lára àwọn tó dúró. Jẹjẹrẹ ilé ọmọ jẹ́ 3.1 nínú 100 lára àwọn tó bá a lọ, 1.6 lára àwọn tó dúró. Ó ṣeé ṣe kí nǹkan oṣù yín ti dúró nígbà yẹn, kí ẹ sì lè bọ́ sórí letrozole tàbí èkejì rẹ̀. Ẹ kò ní láti pinnu rẹ̀ lónìí.

Àwọn òǹkàwé mìíràn lè ti gbọ́ nípa abemaciclib àti ribociclib, oògùn oníhóró méjì tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ pín, kí wọ́n sì máa béèrè ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n fún arábìnrin yìí. Àwọn tí àrùn wọn ti dé abíyá, tàbí tí kókó wọn tóbi tó sì le, ni a ń fi wọ́n kún oògùn họ́mọ́nù wọn. Ti arábìnrin wa yìí kò dé ibẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ẹ̀gbọ́n yín dání lọ bá dókítà nígbà tí ẹ bá tún ń lọ. Ìfẹ́ ló ń sọ ohun tó ń sọ, àmọ́ kò tíì rí ìwé àyẹ̀wò náà. Ẹ jẹ́ kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ nọ́ńbà náà, kó sì béèrè gbogbo ohun tó ń dà á láàmú lójú dókítà. Bí èsì bá jẹ́ láàárín 21 sí 25, tí ẹ̀yin méjèèjì ò sì rí ojú ọ̀nà, ẹ tún kọ̀wé sí mi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, ẹ fi nọ́ńbà náà àti gbogbo ìwé àyẹ̀wò ránṣẹ́ pọ̀.